Oyin Àdúrà Lórí Òkè Palitana

Iṣu ni mo ń bẹ nígbà tí fóònù dún. Òjò ń rọ̀ sórí Thamesmead, omi ti ń hó lórí iná, ọwọ́ mi sì ń yọ̀. Ìka méjì péré ni mo fi gbé fóònù náà. Suresh ló ń pè.

"Àńtí, Mọ́mì ní òun ò lọ mọ́."

"Ẹ̀hẹ́n? Kí ló tún dé?"

"Ó ní àfi tí ẹ bá bá òun lọ."

Ìyá Suresh ni mò ń tọ́jú nígbà náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ní apá Woolwich yìí. Láràárọ̀ ni mo máa ń lọ bá a nílé rẹ̀, mo máa ń wẹ̀ ẹ́, mo máa ń dì í nírun, mo sì máa ń bá a jókòó títí ọmọ rẹ̀ yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Baa ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìyá lédè wọn. Ọmọ Íńdíà ni, ṣùgbọ́n Kẹ́ńyà ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ kí wọ́n tó wá sí London. Èdè Òyìnbó ni àwa méjèèjì jọ ń sọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn ilé rẹ̀.

Ẹ̀sìn wọn ni wọ́n ń pè ní Jéènì. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹ̀sìn náà ni ohun tí wọn kì í jẹ. Wọn kì í jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Wọn kì í jẹ àlùbọ́sà, ánámọ́ tàbí ohunkóhun tí a ń wú nílẹ̀, nítorí pé bí a bá wú u, ohun ọ̀gbìn náà kú nìyẹn, àwọn kòkòrò tí ó ń gbé ìdí rẹ̀ sì kú pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún Baa pé iṣu ni oúnjẹ wa, ó béèrè ibi tí iṣu ń gbé. Mo ní inú ilẹ̀ ni. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní, "Ẹ kú ìyà o."

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni Baa ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé wàrà kò ní kan ẹnu òun mọ́ títí òun yóò fi fojú rí òkè mímọ́ wọn ní Palitana, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú Òyìnbó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Tíì dúdú ni ó ń mu nínú òtútù, ọdún dé, ọdún lọ. Dókítà ní ọsibítù ńlá ẹ̀gbẹ́ Woolwich Common wá sọ fún wọn pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Bí yóò bá rin ìrìn-àjò kankan, kó tètè rìn ín. Suresh gbà kó lọ, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e gun òkè náà. Àga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ igi, ọkùnrin méjì á sì gbé igi náà léjìká. Baa kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn bá gbé mi dé òkè, ta ló gun òkè?"

"Àńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a lọ," ni Suresh wí. "Kí ẹ sì ṣèlérí fún mi pé àga ló máa jókòó sí."

Mo ṣèlérí. Nígbà tí mo padà sídìí iná, omi iṣu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

*Wọ́n sìn mí sọ́nà*

Ẹ mọ̀ pé àwa aláṣọ funfun kì í rìnrìn-àjò láìgbàdúrà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a lọ, Sísítà Bọ́lá fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Wọ́n ní ilé òrìṣà lẹ fẹ́ lọ."

"Ìyá tí mò ń tọ́jú ni mo fẹ́ sìn lọ síbi àdúrà rẹ̀."

"Ère wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ère wà."

"Ẹ̀hẹ́n!" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣùgbọ́n orí òkè ni, àbí? Òkè lòkè ń jẹ́. Ẹ bá mi tọrọ pálí ìgbélùú Bùọ̀dá ilé wa níbẹ̀ o. Họ́ọ̀mù Ọ́fíìsì ti fi ọ̀rọ̀ wọn falẹ̀ jù."

Wòlíì wa kò bá mi wíjọ́. Ó gbàdúrà sínú ìgò oyin kékeré kan, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní bí àárẹ̀ bá mú ìyá náà lójú ọ̀nà, kí n fún un lá. Mo fi áńkáṣífù wé ìgò náà, mo fi í sí ìsàlẹ̀ báàgì mi.

*Ilé àwọn ẹlòmíràn*

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ òfuurufú ní Bombay, ooru tí ó bì lù mí kì í ṣe àlejò. Ooru ilé ni. Mo ti pẹ́ ní London dé ibi pé mo ti gbàgbé bí ara ènìyàn ti ń dẹ̀ nínú ooru. Baa náà mí kanlẹ̀. Àwa méjèèjì wo ara wa, a rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó gbé wa lọ sí Gujarat, gbogbo ojú ló wà lára mi. Wọn kò wò mí bí ẹni tí ń wo olè, bí wọ́n ti máa ń wò wá nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n kàn ń wò mí ni, bí ọmọdé ti ń wo ohun tuntun, wọn kò sì fi pamọ́. Obìnrin kan tilẹ̀ fọwọ́ kan irun mi tí mo dì, ó mi orí bí ẹni tí ń yin oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n bi Baa ní ọ̀rọ̀ kan, ó dá wọn lóhùn, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ sọ fún wọn, Baa?"

"Wọ́n béèrè ẹni tí o jẹ́. Mo ní ọmọ mi ni ọ́. Mo ní oòrùn Thamesmead ló pa ọ́ tó báyìí."

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ti ń ti gbogbo ìjókòó wá sọ́dọ̀ mi.

Ní Palitana, ilé àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ni a wọ̀ sí, yàrá funfun kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ẹní àti ìkòkò omi lọ. Omi tí wọ́n ti sè ni wọ́n ń mu. Kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ alẹ́, kí kòkòrò tí iná ń fà mọ́ra má bàa bọ́ sínú àwo kó sì kú. Ẹ̀rù ebi ti ń bà mí láti ilé. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe se ọbẹ̀ láìsí àlùbọ́sà? Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń bu oúnjẹ fún wa níbẹ̀, ọ̀làwọ́ ni. Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí ó ti yọ́ bí ọbẹ̀, ìrẹsì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ata sì wà níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo fọwọ́ bo àwo mi pé mo ti yó, ó dúró títí mo fi gbọ́wọ́ kúrò, ó sì tún bu sí i.

Nígbà tí a jẹun tán, Baa da omi mímu sínú àwo rẹ̀, ó fi ìka fọ̀ ọ́ yípo, ó sì gbé omi náà mu, kí nǹkankan má bàa ṣòfò. Mo wò ó. Mo da omi sínú tèmi. Gbogbo ilé ìjẹun náà ń wò mí títí mo fi gbé e mu tán, lẹ́yìn náà ni obìnrin náà wá fọwọ́ kàn mí léjìká. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò nílò ògbufọ̀.

Baa ti kìlọ̀ fún mi nípa òkè náà. A kì í mú ohun tí wọ́n fi awọ ẹran ṣe gùn ún, nítorí náà mo fi ìwé àdúrà mi sílẹ̀, torí pé awọ ni èèpo rẹ̀. A kì í gbé oúnjẹ gùn ún. A kì í sùn síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, títí kan àwọn tí ń tọ́jú ilé ìsìn, kí òkè náà lè sinmi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n oyin inú báàgì mi kò wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé lójú tiwa, oyin tí wòlíì bá ti gbàdúrà sí kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Àdúrà ni.

*Ìdajì òkè*

Sùtánà mi ni mo wọ̀. Baa ló ní kí n wọ funfun. Ẹ mọ̀ bí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìdúró bọ́ọ̀sì ní Woolwich, nítorí aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán. Ní ìsàlẹ̀ òkè Palitana láàárọ̀ ọjọ́ náà, funfun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ̀, ọ̀pọ̀ kò sì wọ bàtà. Kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè ohunkóhun. Èmi àlejò pátápátá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún pípẹ́ tí aṣọ mi jọ ti àwọn tó yí mi ká.

Àtẹ̀gùn òkúta ni ọ̀nà náà látòkè délẹ̀, ó ń yí gẹ́gẹ́ bí ejò. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n ti fi ayé sílẹ̀ fún ẹ̀sìn ń lọ níwájú wa, aṣọ díẹ̀ bo ẹnu wọn, wọ́n mú ìgbálẹ̀ òwú rírọ̀ lọ́wọ́ láti máa fi gbá èèrà kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Baa di ọ̀pá mú lọ́wọ́ kan, ó di èjìká mi mú lọ́wọ́ kejì.

Àwọn ọkùnrin méjì tí ń gbé àga tẹ̀ lé wa láti ìsàlẹ̀. Wọ́n rí irun funfun Baa, wọ́n mọ̀ pé sùúrù ló kù. Èyí tí ó dàgbà nínú wọn gbọ́ Òyìnbó díẹ̀.

"Màmá! Àga yìí ń wò yín o!"

"Sọ fún un kó má wò mí mọ́," ni Baa wí fún mi, láìbojú wẹ̀yìn.

"Màmá, ó ti rẹ àga o!"

"Kó jókòó sí i fúnra rẹ̀."

Mo ní, "Baa, mo ṣèlérí fún Suresh."

"Ìwọ lo ṣèlérí. Èmi ò ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni a ń gùn ún. Ó ń gun díẹ̀, ó ń dúró, ó ń mí, ó tún ń gùn. N kò tíì rí i kó láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a dé abẹ́ igi kan tí wọ́n mọ pèpéle òkúta yí ká, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó ní, "Ìdajì rèé. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi dé ìdajì." Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ojú rẹ̀ yí padà, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Mo gbá a mú kí ó tó ṣubú, mo gbé e jókòó. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú oòrùn.

Mo fún un ní omi. Mo pe Jésù. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìgò oyin. Mo tú u, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ó la ojú. "Kí nìyẹn?"

"Oyin ni, Baa. Wọ́n ti gbàdúrà sí i. Ẹ lá a."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Obìnrin kan láti Bombay tí ó jókòó nítòsí dìde fìrì. "Sísítà, ẹ gbé e kúrò! Oyin? Lórí òkè yìí?"

Ó ṣàlàyé fún mi, kíákíá ṣùgbọ́n láìsí èébú. Nínú gbogbo oúnjẹ tí wọn kì í jẹ, oyin wà lára èyí tó burú jù lójú wọn. Ilé àwọn oyin ni wọ́n fi iná fọ́, ọmọ wọn ni wọ́n pa, ohun tí wọ́n kó jọ ni wọ́n sì jí. Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Mo fẹ́ da oyin náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ náà lè tán.

"Ẹ má dà á!" Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. "Èèrà á wá síbẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ á tẹ̀ wọ́n."

N kò lè lá a, n kò lè dà á, n kò lè gbé e lọ sókè. Ohun tó kù ni kí n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí Baa bá sì dúró dè mí lábẹ́ igi yẹn títí n ó fi lọ tí n ó fi bọ̀, ilẹ̀ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé e dé òkè, wọn yóò sì dá wa padà. Ọjọ́ kejì ni a ó fi Palitana sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Baa náà mọ̀ ọ́n. Ó wo ìgò ọwọ́ mi títí. Ó wo òkè. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn ọkùnrin méjì náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ júwe ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

Èyí tó dàgbà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó gbé àga sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi aṣọ èjìká rẹ̀ nu ibi ìjókòó.

"Máa lọ," ni Baa wí fún mi. "Tètè bọ̀."

*Lẹ́ẹ̀kan sí i*

Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omijé. Àwọn tí ń gòkè ń kí mi tọwọ́tọwọ́, wọ́n rò pé mo ti dé òkè ni, pé ẹkún ayọ̀ ni mò ń sun. Bàbá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa gba ìgò náà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó gbé e sínú abọ́ omi, bí a ti ń ṣe nílé kí èèrà má bàa dé ìdí ìkòkò. Ó mi orí: èèrà á bọ́ sómi. Ó dé ìgò náà pinpin, ó fi okùn so ó kọ́ sára ìṣó, ó sì fọwọ́ lé mi pé kí n máa lọ.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Orúnkún mi kò dárúkọ mi ní rere lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé abẹ́ igi, obìnrin Bombay ti lọ, ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi lọ́dọ̀ ẹni tó ń pín omi. Ìwà àwọn ènìyàn yẹn nìyẹn. Ẹni tí mo fi oyin bà lẹ́rù ló fi ọ̀pá rẹ̀ ta mí lọ́rẹ.

Òkè náà, bí mo ti dé e, ìlú ni. Ilé ìsìn lórí ilé ìsìn, òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí ẹni gbẹ́ ọṣẹ, òrùlé ṣóńṣó lọ títí ojú kò fi lè kà á mọ́, ẹyẹ ọ̀kín lórí odi. Mo wá Baa. Mo rò pé ó ti wọlé jáde tán, pé ó ń sinmi. Ìta ilé ìsìn tó tóbi jù ni mo ti bá a, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà.

"Baa! Ẹ ò tíì wọlé?"

"Mo ń dúró dè ọ́."

"Ọjọ́ ń lọ!"

"Nítorí náà, fà mí dìde."

Mo fà á dìde, a sì jọ wọlé. Ẹni tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta funfun náà jókòó, ó ká ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere. N kò tẹríba fún un. Baa kò sì sọ pé kí n tẹrí ba. Ó dúró, ó ń wò ó, kò mira. N kò rí kí ètè rẹ̀ mì bí ti ẹni tí ń gbàdúrà.

Nígbà tí a jáde, mo bi í, "Kí lẹ tọrọ?"

"A kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ wa ni, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ayé, ó ti lọ. Kì í fúnni ní nǹkan, kì í gba nǹkan. A ń wò ó kí àwa náà lè dà bí rẹ̀ ni."

Ẹ wò ó, láti kékeré ni mo ti ń gun òkè àdúrà, n kò tíì gun ọ̀kan rí tí n kò ru ẹ̀bẹ̀ gùn ún. Mo dúró níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run mi fún ẹ̀mí Baa, fún ẹsẹ̀ mi, fún obìnrin tó fi ọ̀pá sílẹ̀. Mo fẹ́ kó mọ sí ọpẹ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú Sísítà Bọ́lá, mo sì rọra dárúkọ pálí Bùọ̀dá.

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Baa fi sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́, àga òfìfo ń tẹ̀ lé wa. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n fún wa ní oúnjẹ dídùn tí wọ́n máa ń fún gbogbo ẹni tó bá ti òkè dé. Kí oòrùn tó wọ̀, obìnrin ọ̀làwọ́ náà gbé wàrà gbígbóná wá. Baa di ife náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò tètè mu ún. Nígbà tó mu ún tán, ó ní ó ti gbàgbé pé ó dùn.

*Thamesmead*

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àga náà kò kúrò lọ́kàn mi láti Palitana títí a fi dé Heathrow. Kì í ṣe ìlérí tí mo ṣe fún Suresh ló gbé Baa jókòó sínú àga. Oyin mi ni.

Lọ́jọ́ kejì tí a dé, mo wà ní ìdí tábìlì wọn. Òjò ń rọ̀. Suresh po tíì, ó bu wàrà sí ti ìyá rẹ̀ dáadáa, ó sì ń wò ó bó ti ń mu ún. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Àńtí, ṣé wọ́n gbé e?"

"Wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe látìsàlẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi gùn ún."

"Báwo lẹ ṣe wá rí i mú sínú àga?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí n má da oyin nù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dárí jì mí, Baa," mo ní. "Èmi ni mo ba òkè yín jẹ́. Ká ní ẹ kàn sinmi díẹ̀ lábẹ́ igi yẹn ni, ẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ yín gùn ún tán."

Baa gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ, ẹ̀ẹ̀melòó lo gun òkè lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Rò ó dáadáa."

Mo rò ó. "Ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀, Baa. Mo gun ìdajì pẹ̀lú yín, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wá gun gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó ẹnì kan," ni Baa wí. "Fún mi ní ààbọ̀ yẹn."